Ọ̀rọ̀ Tí A Wá Ni Ọ̀rọ̀ Tí A Ní

Láti ìgbà tí àwa ọmọ ilé-ìwé yìí àtijọ́ ti di òbí, tí díẹ̀ nínú wa sì ti di olùkọ́, ìbéèrè kan kò yé wá bá wa. Àwọn òbí a máa bi wá pé, "Ìwé wo ni kí a rà fún ọmọ wa kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já gaara?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń béèrè ti ra ìwé atúmọ̀ èdè tí ó wúwo bí òkúta. Wọ́n ti san owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ti há ogún ọ̀rọ̀ sórí lọ́sẹ̀, ó sì ń kà wọ́n bí ọmọdé ṣe ń ka àkọ́sórí ní ọjọ́ ìkórè. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ náà kọ ojú ewé kan péré nípa ohun tí ó rí ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé lánàá, "nice", "good" àti "very" ni yóò máa yí ká bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé òbí rẹ̀ ya ahun. Ọ̀nà tí a gbà ń wá ọ̀rọ̀ ni kò tọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé àjọ̀dún yìí ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn há sórí kò tíì di tirẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá wá a kiri láti fi sọ ohun kan tí ó rí, tí ó gbọ́, tàbí tí ó ń dùn ún, ọjọ́ náà ni yóò di tirẹ̀. Àròkọ kíkọ ni ó ń mú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ilé-ìwé yìí ni a ti kọ́ ọ, a sì rò pé ó yẹ kí a fi lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́bìnrin tí ó ń kọ́ wa ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kí olúkúlùkù wa ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ìyá oníṣòwò fi ń kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sílẹ̀. Wọ́n ní kí a fa ilà méjì sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kìíní, a ó kọ ohun tí a fẹ́ sọ, ní èdè Yorùbá. Ní ọ̀nà kejì, a ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a rò pé ó lè gbé e. Ní ọ̀nà kẹta, a ó kọ èyí tí a yàn, pẹ̀lú gbólóhùn tí a lò ó sí. Òfin kan ṣoṣo ni ó de ìwé náà: ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ àfi èyí tí a wá nítorí ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tí kò sì ní ohun tí yóò fi í sọ, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó ti rí i.

Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ìparí, a máa ń jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú láti kọ ojú ewé kan. Àkọlé wa kì í tóbi. Òjò lórí páànù. Obìnrin tí ń yan gaàrí. Bí agogo ilé-ìwé ṣe ń dún létí ní ọjọ́ Ajé àti bí ó ṣe ń dún ní ọjọ́ Ẹtì. Ojú awakọ̀ tí táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà. Olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sí igun pátákó, wọ́n sì fa ilà lé wọn lórí: "nice", "good", "bad", "very" àti "thing". A kò gbọdọ̀ lo ọ̀kankan nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n gba àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, a ti rí i pé àdá tí kò mú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kọ́ tí ó là wá lójú jù lọ ni ẹ̀kọ́ ìrìn. Olùkọ́ wa ní kí a dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní ọjọ́ ọjà, kí a wo ìrìn ènìyàn mẹ́wàá, kí a sì kọ ohun tí a rí. Ní Yorùbá, ìrìn mẹ́wàá náà yàtọ̀ síra. A rí bàbá àgbà tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. A rí ọ̀mùtí tí ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ bàtà tuntun, tí ó ń yan bí àkùkọ. A rí ọmọ tí ń tiro nítorí ẹ̀gún, àti ìyá ọlọ́jà tí ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "walk" ni gbogbo wọn.

Olùkọ́ wa fi hàn wá pé àwọn èdè méjèèjì ni wọ́n ní oríṣiríṣi ìrìn. Ibi tí oníkálukú wọn tọ́jú rẹ̀ sí ni ó yàtọ̀. Yorùbá a máa mú ọ̀rọ̀ ìṣe kan bí "rìn", a sì so ọ̀rọ̀ àpọ́nlé mọ́ ọn: rìn gbẹ̀rẹ́, rìn jẹ́jẹ́, rìn kánmọ́kánmọ́. Gẹ̀ẹ́sì a máa sábà di ìrìn àti àpọ́nlé rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo. Ẹni tí ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, "stagger" ni ó ń ṣe. Ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, "shuffle" ni. Ẹni tí ń yan, "strut". Ẹni tí ń tiro, "limp". Ẹni tí ń rìn gbẹ̀rẹ́ láìkánjú, "stroll". Ẹni tí ó ti rẹ̀, tí ó ń fa ara rẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀, "trudge". Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni a kọ́ ní ọjọ́ kan náà, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a há wọn sórí. A ti rí àwọn tí wọ́n ni ín ní ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni Yorùbá kò ti jẹ́ ìdènà Gẹ̀ẹ́sì lójú wa mọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìrìn jẹ́ oríṣi mẹ́wàá ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè orúkọ mẹ́wàá.

Ọ̀nà kan náà ni a gbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ipò. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kò ní sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Àgbàlagbà a máa papòdà, onígbàgbọ́ a máa sùn nínú Olúwa. Kò ní ya ẹni tí ó mọ èyí lẹ́nu pé "die", "pass away" àti "perish" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ a máa sọ òtítọ́ láìfi aṣọ bò ó. Èkejì a máa rọra bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta a máa bá àwọn tí omi tàbí iná gbé lọ rìn. Ìwé atúmọ̀ èdè lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan. Àròkọ ni yóò bi ọmọ pé: ta ni ó kú? Ta ni ò ń sọ fún? Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti rí ní etí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tún ní ẹgbẹ́ tí ó ń bá kẹ́. Òjò tí ó pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní "heavy rain"; tíì tí ó le, "strong tea" ni wọn ń pè é. Bí ènìyàn bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, gírámà rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n etí olùgbọ́ yóò kọ̀ ọ́. Àwa náà ní irú rẹ̀ ní èdè wa. A máa ń jẹ gbèsè, a máa ń jẹ oyè, a máa ń jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oúnjẹ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wa ní èyí. Inú gbólóhùn àwọn àgbà ni a ti bá a, a sì fi í sínú gbólóhùn tiwa. Ẹni tí ó bá ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tí ó ń pe àlejò wá sílé láìpe ẹbí rẹ̀: àlejò náà yóò jókòó, ṣùgbọ́n ara kò ní í rọ̀ ọ́.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí kó gírámà ńláńlá jọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti di agbẹjọ́rò báyìí, tí òun fúnra rẹ̀ sì máa ń fi ìtàn náà pa wá lẹ́rìn-ín, kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ìyá àgbà òun "perambulated" nínú àgbàlá. Olùkọ́ wa kò bínú. Wọ́n kàn bi í pé, "Kí ni ewúrẹ́ náà ń ṣe gan-an?" Ó ní, "Mà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi imú tú abẹ́ àwo." Wọ́n ní, "Kí ni ó ń wá?" Ó ní, "Èèpo iṣu ni, Mà." Wọ́n ní kí ó jókòó kí ó kọ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Nígbà tí ó tún un kọ, ewúrẹ́ náà ti ń "nose" kiri lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni ó ti mọ "nose" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà ara. Ní ọjọ́ náà ni ó di ọ̀rọ̀ ìṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì rí ewúrẹ́ náà. A tún kọ́ ohun mìíràn níbẹ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ó ní yàrá méjì, mẹ́ta nínú, tí a kò tíì ṣílẹ̀kùn wọn.

Olùkọ́ wa kò sọ pé àwọn ni wọ́n dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Wọ́n sọ fún wa nípa Benjamin Franklin, ẹni tí a bí ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1706. Ilé-ìwé tí ó lọ kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ kí wọ́n tó mú un kúrò, ó sì di ọmọ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó sọ bí ìwé Spectator, tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, tí ìkọ̀wé inú rẹ̀ sì wù ú. Ó mú àròkọ inú ìwé náà, ó kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, ó sì gbé e sí apá kan fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún àròkọ náà kọ láti inú kókó wọ̀nyẹn, tí ó sì fi tirẹ̀ wé ti òǹkọ̀wé.

Ohun tí Franklin rí ni pé ọ̀rọ̀ kò tó òun lọ́wọ́, èyí tí ó wà kì í sì í yá dé ẹnu. Ohun tí ó wá ṣe yani lẹ́nu. Kò sáré lọ há ọ̀rọ̀ sórí. Ó mú díẹ̀ nínú àwọn ìtàn inú ìwé náà, ó sọ wọ́n di ewì; nígbà tí ó sì ti gbàgbé bí wọ́n ti rí, ó tún sọ wọ́n padà di ọ̀rọ̀ geere. Ìdí rẹ̀ ni pé akéwì Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tí gígùn rẹ̀ bá ìlà mu, tí ìró ìparí rẹ̀ sì bá ti ìlà kejì dọ́gba, láìjẹ́ kí ìtumọ̀ yẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá kọ̀ láti wọlé, yóò wá èkejì, yóò wá ẹ̀kẹta. Ńṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò aláìní kí ó lè máa wá kiri. Àwa náà gbìyànjú rẹ̀. A mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé ìtàn tí a ń kà, a kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, a sì tún un kọ ní ọjọ́ Ajé láìwo ìwé. Nígbà tí a fi méjèèjì wéra, olúkúlùkù rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán ní àpò òun. Ọ̀rọ̀ tí a bá sì bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mọ́, nítorí pé a ti mọ ihò tí ó wá dí.

Gbogbo èyí ni a lè kà sí ọgbọ́n orí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní sáà kejì ọdún náà tí ó fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọgbọ́n orí lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní ilé bọ́dìn tí ìyá rẹ̀ kú ní àárín sáà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún wa láyè láti sọ ọ́, ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun. Nígbà tí ó padà láti ibi ìsìnkú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Wọ́n gbàdúrà fún un ní ìsìn òwúrọ̀. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé gaàrí àti ṣúgà wa fún un, nítorí ohun tí a ní nìyẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ wa kò fún un ní àkọlé. Wọ́n ní kí ó kọ ohun tí ó bá wù ú, ní èdè tí ó bá wù ú. Bí kò bá sì lè kọ, kí ó ṣáà jókòó tì wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi jókòó láìkọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ gbólóhùn kan sí ọ̀nà kìíní ìwé kékeré rẹ̀: "Ilé wa kò rí bí ilé mọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ "quiet", ó sì fagi lé e, nítorí pé ariwo àwọn tí ń dáná àti àwọn tí ń kọrin kò dákẹ́ ní ọjọ́ náà. Ó kọ "empty", ó tún fagi lé e, nítorí pé ènìyàn kún ilé dé àgbàlá. Ó kọ "lonely", ó ní ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà bá mu jù, kì í ṣe ilé. Ó kọ "desolate", ó ní ti ìlú tí ogun kó nínú Bíbélì ni. Ó wá gbé orí sókè, ó ní, "Mà, akèrègbè tí wọ́n ti kó inú rẹ̀ dànù, tí ènìyàn bá fi ìka kàn án tí ó ń dún, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é?" Olùkọ́ wa dúró díẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Hollow."

Ó kọ ọ́ pé ilé àwọn kún fún ènìyàn, síbẹ̀ ó jẹ́ "hollow". Nígbà tí ó kà á sókè, kò sí ẹni tí ó mira nínú wa. Ibẹ̀ ni ó ti sunkún, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn ẹkún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bá wa sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú àtòkọ ogún ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni a ti pàdé ọ̀rọ̀ náà, à bá ti gbàgbé rẹ̀ kí sáà tó parí. Gbogbo wa tí a jókòó níbẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n títí di òní, a sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ìró rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa náà di dókítà. Ó sọ fún wa pé nígbàkúùgbà tí òun bá ní láti sọ fún ẹbí kan pé ènìyàn wọn ti lọ, òun a máa kọ́kọ́ dúró láti yan ọ̀rọ̀, nítorí òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ yóò bá wọn gbélé fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yin òbí lè bi wá pé: kí ni èyí kan WAEC? Ó kàn án púpọ̀. Nínú ìdánwò Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ń jáde ilé-ìwé girama, àròkọ tí wọ́n ń béèrè jẹ́ nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 50. Ìlànà tí wọ́n fi ń pín máàkì náà ni 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 10 fún àkọtọ́ àti àìṣi gírámà, àti 20 fún ìlò èdè, èyí tí yíyan ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìlò èdè nìkan gba ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù gbà. Ọmọ tí ó há àròkọ ẹlòmíràn sórí wọ gbọ̀ngàn ìdánwò kò ní ohun tí yóò ṣe bí àkọlé bá yí padà díẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀ láti kíláàsì kìíní ti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ju igba lọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ohun kan tún ń kọ wá lóminú. Ní ọ̀pọ̀ ilé àti ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lónìí, wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, wọ́n rò pé báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò ṣe dára. Àwa ti rí èso rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn tiro àti kí ó yan ní Yorùbá. Kò sì mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí òun wá. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti Òṣogùn ní ọdún 1821, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Sàró lẹ́yìn tí a dá a nídè. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ tí ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì síra jáde ní London. Gẹ̀ẹ́sì kò lé Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan ni ó fi ń wá èkejì.

Bákan náà ni ti Wọlé Ṣóyínká. Nígbà tí ó ń túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, ó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, irúnmalẹ̀. Bí ó bá pè wọ́n ní èṣù tàbí òrìṣà ní Gẹ̀ẹ́sì, òǹkàwé yóò ro ohun tí Fágúnwà kò rò. Nítorí náà ni ó fi yan "daemon", ẹ̀dà àtijọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1968 ni ìtumọ̀ náà jáde. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó wá sí i lọ́kàn ni ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kí ni a wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ yín, kò wọ́n. Ní alẹ́, ẹ bi í ní ohun kan tí ó rí ní ọjọ́ náà, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín, kí ó sọ ọ́ yékéyéké, kí ẹ sì bá a wá bí yóò ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń wá, èyí kì í ṣe ìtìjú; ẹ jọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, ọmọ sì pọ̀ nínú kíláàsì. Kò di dandan kí ẹ máàkì gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka tiwọn sókè fún ara wọn, kí àwọn tí ń gbọ́ sì máa béèrè pé, "Kí ni o rí?" Ìbéèrè yẹn nìkan ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní ìgbà tiwa.

Ní ti àwa tí a jọ jáde, a ti fohùn ṣọ̀kan pé láti sáà tí ń bọ̀, àwa ni a ó máa ra ìwé kékeré náà fún gbogbo ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì kìíní. Àwọn tí wọ́n ń gbé nítòsí nínú wa yóò sì máa wá jókòó gbọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ẹtì. A ń pe àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ yòókù kí wọ́n bá wa kún un.

Ìránṣẹ́ tí ó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ nínú òwe Olúwa wa kò jalè, kò sì ná owó náà ní ìnákúnàá. Ó kàn tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí kò ti lè ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ wa ti rì mọ́ inú ìwé lẹ́sìnnì lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó fún wa ní ahọ́n méjì láti fi sọ̀rọ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́ wọn bí a ti ń ná an. Kí ó sì dá ilé-ìwé wa sí, kí ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí àwọn tí wọ́n kọ́ wa. A kí gbogbo yín kú àjọ̀dún.